Ìpadà Sẹ́nu Eré Sísá Lẹ́yìn Ìbímọ: Àgbéyẹ̀wò Ipò Iṣan Ìsàlẹ̀ Ìbàdí

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ní ọdún 1948, ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ abiyamọ àti eré sísá. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Fanny Blankers-Koen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ẹni 30 ọdún tí ó ti bí ọmọ méjì, gba àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà 4 nínú eré sísá ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ní ọdún yìí kan náà, Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa bí ìdárayá ṣe lè dá agbára padà sínú àwọn iṣan tí ọmọ bíbí ti mú kí ó dẹ̀. Ti àkọ́kọ́ fi hàn pé abiyamọ lè sáré kí ó sì borí. Ti èkejì fi hàn pé ohun kan wà lára abiyamọ tí ó ń fẹ́ àtúnṣe, àti pé àtúnṣe náà ṣeé ṣe. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì tó pàdé. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019 ni Tom Goom, Gráinne Donnelly àti Emma Brockwell, onímọ̀ fisiotẹ́rápì mẹ́ta, gbé ìlànà kan jáde ní ilẹ̀ Britain lórí bí obìnrin ṣe yẹ kí ó padà sẹ́nu eré sísá lẹ́yìn ìbímọ.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà wo ni ó tọ́ kí obìnrin tí ó bímọ, tí ìtọ̀ sì ń jò lára rẹ̀ tàbí tí ó ń ní ìnira nísàlẹ̀ ìbàdí, padà sẹ́nu eré sísá? Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Àwọn kan gbà pé bí ọ̀sẹ̀ 6 bá ti pé, ara ti padà bọ̀ sípò, kí obìnrin máa sáré rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn gbà pé ẹni tí ìtọ̀ bá ń jò lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré mọ́ láéláé, nítorí pé bí ọmọ bíbí ṣe rí nìyẹn. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò fi hàn pé ìdáhùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Kì í ṣe iye ọjọ́ ni ó yẹ kí ó ṣe ìdájọ́, bí kò ṣe ohun tí ara lè gbé. Ohun tí ara lè gbé sì ṣeé mú pọ̀ sí i.

2.0 ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó ṢE PÀTÀKÌ

Egungun ìbàdí dà bí igbá tí kò ní ìdí. Ohun tí ó dí ìsàlẹ̀ igbá yìí ni àwọn iṣan tí ó tẹ́ láti egungun iwájú abẹ́ dé ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, àti láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí. Lára obìnrin, ọ̀nà mẹ́ta ni ó gba àárín wọn kọjá: ojú ìtọ̀, ojú ara àti ihò ìdí. Iṣẹ́ wọn pọ̀. Wọ́n ń gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró. Wọ́n ń pa ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé nígbà tí ó bá yẹ, wọ́n sì ń ṣí wọn nígbà tí ó bá yẹ. Wọ́n tún ń bá iṣan ikùn, iṣan ẹ̀yìn, àti iṣan tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbàkígbà tí ènìyàn bá ń mí, tí ó ń wúkọ́, tàbí tí ó ń gbé ẹrù.

Bí àwọn iṣan yìí kò bá lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́, ọ̀nà bíi mélòó kan ni ó ń gbà fara hàn. Èkíní ni kí ìtọ̀ máa jò nígbà tí obìnrin bá wúkọ́, tí ó bá sín, tí ó bá rẹ́rìn-ín tàbí tí ó bá sáré. Èkejì ni kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n lójijì débi pé kò ní lè dé ilé ìtọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ìsó tàbí ìgbẹ́ máa jáde láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ̀yà inú ìbàdí máa wálẹ̀ sí ojú ara, tí yóò sì máa ṣe obìnrin bí ẹni pé ohun kan fẹ́ já bọ́ láti abẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí á ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn mìíràn tí ó jọ wọ́n. Bí obìnrin bá rọbí pẹ́ jù, tí orí ọmọ sì há sí ìbàdí láìsí ìrànlọ́wọ́, ihò lè lu láàrin àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ìtọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ikọ́ tàbí eré. Tọ̀sán-tòru ni ó ń ṣàn. Ìdárayá kò lè dí ihò yìí. Iṣẹ́ abẹ ni oògùn rẹ̀, ilé ìwòsàn sì ni kí ẹni náà lọ kíákíá.

Èdè pàápàá ń dá kún ìṣòro yìí. Yorùbá a máa fi ẹ̀yọ̀ ọ̀rọ̀ bo ìhòòhò. Bí a bá sọ pé "abẹ́ ń dun obìnrin" tàbí pé "ara rẹ̀ kò yá", ó bọ́ sí i ní ti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìtọ̀, ojú ara, ilé ọmọ àti ihò ìdí ni gbólóhùn kan náà kó sínú. Ẹni tí ó wí báyìí fún nọ́ọ̀sì kò tíì sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó wà, kí wọ́n sì máa jáde lẹ́nu láìsí ìtìjú níwájú olùtọ́jú.

3.0 OHUN TÍ OYÚN ÀTI ÌBÍMỌ Ń ṢE SÍ IṢAN YÌÍ

Kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ nìkan ni iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí ń rí wàhálà. Fún oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi ń gbé ẹrù tí ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ọmọ bá wá ń bọ̀, iṣan náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí orí ọmọ lè kọjá. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Yunifásítì Michigan ní ọdún 2004 fi hàn pé apá tí ó sún mọ́ ojú ara jù lọ nínú iṣan yìí ń nà ju ìlọ́po 3 gígùn rẹ̀ lọ. Lára àwọn obìnrin mìíràn, iṣan náà a máa ya kúrò lára egungun iwájú abẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀mú irin ni a fi fa ọmọ jáde. Àwọn ìfun-ara tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí iṣan yìí náà lè fara gbọgbẹ́.

Àwọn kan rò pé ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ti bọ́. Òótọ́ ni pé ewu kan dín kù fún un, ṣùgbọ́n oyún tí ó gbé kò yàtọ̀. Ní àfikún, awọ líle tí ó di iṣan ikùn mú ni a là. Ìwádìí fi hàn pé ní ọ̀sẹ̀ 6, awọ yìí kò tíì ní ju nǹkan bí ìdá 51 sí 59 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ àtijọ́. Ní oṣù 6 sí 7, ó wà láàrin ìdá 73 sí 93. Ojú àpá lè jiná lókè nígbà tí inú kò tíì jiná tán.

Ọmú fífún náà kò ṣàìní ipa tirẹ̀. Nígbà tí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú, omi ara kan tí ń jẹ́ ẹsitírójìn a máa dín kù, ara ojú ara a sì máa fẹ́lẹ́, a máa gbẹ. Èyí kì í ṣe ìdí láti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó kàn jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń sáré mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni.

4.0 ẸRÙ TÍ ERÉ SÍSÁ Ń DÌ RU ARA

Nínú ìrìn, ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Nínú eré sísá, ẹsẹ̀ méjèèjì a máa kúrò nílẹ̀, ara a sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Agbára tí ilẹ̀ fi ń dá ara padà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó ìlọ́po 1.6 sí 2.5 ìwọ̀n ara ẹni tí ó ń sáré. Bí obìnrin bá wọn kílógírámù 60, ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà kò dín sí ẹrù kílógírámù 96, ó sì lè tó 150. Bí ó bá ń gbé ẹsẹ̀ ní ìgbà 160 ní ìṣẹ́jú kan, ní ìlàjì wákàtí, ìgbà 4,800 ni ẹrù yìí yóò balẹ̀.

Kì í ṣe agbára nìkan ni iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí nílò láti dúró de ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ yára. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, iṣan náà a máa sún kì kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, bí ẹni tí ó ti ṣe ara gírí de ohun tí ń bọ̀. Ó tún nílò ìfaradà, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìtọ̀ kì í jò lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, àfi nígbà tí iṣan bá ti rẹ̀. Ohun tí a sọ nípa eré yìí kò yọ ẹni tí kì í sáré sílẹ̀. Ẹni tí ó ń pọn omi, tí ó ń gúnyán, tàbí tí ó ń ru ẹrù lọ sọ́jà, iṣan kan náà ni ó ń bẹ̀ níṣẹ́.

5.0 KÍ NI Ọ̀SẸ̀ 6 Ń WỌ̀N?

Ilé ọmọ tí ó wọn nǹkan bí kílógírámù 1 lẹ́yìn ìbímọ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, tí kò tó gíráàmù 100, ní ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ yóò ti dá lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Ojú ọgbẹ́ yóò ti pa dé. Àwọn ohun wọ̀nyí ni àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6 ń wò, ó sì dára láti wò wọ́n. Ọjọ́ 42 tí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 kò sì jìnnà sí ogójì ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ilẹ̀ Yorùbá fi ń jókòó sílé, tí a ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn wọn, tí a sì ń fi ọ̀já gbà wọ́n nínú. Ìsinmi àti ìrànlọ́wọ́ tí ó wà nínú àṣà yìí ní àǹfààní. Ṣùgbọ́n ọ̀já kò lè kọ́ iṣan níṣẹ́, àyẹ̀wò ilé ọmọ kò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí obìnrin bá fo sókè.

Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí rí i pé ẹnu ọ̀nà tí ọmọ gbà kọjá ń sún kì díẹ̀díẹ̀, àti pé oṣù 4 sí 6 ni púpọ̀ nínú ìwòsàn náà fi ń wáyé. Nítorí náà, ẹni tí a sọ fún ní ọ̀sẹ̀ 6 pé "ara rẹ ti dá" gbọ́ òótọ́ nípa ilé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa eré.

Ìtàn àwọn sárésáré olókìkí kì í sì í ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bímọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, ó sì borí nínú eré maratọ́ọ̀nù New York ní oṣù Bélú ọdún náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé láàrin ìgbà méjèèjì, egungun ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sán lẹ́yìn tí ó padà sẹ́nu ìgbaradì. Faith Kipyegon, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, bímọ ní oṣù Òkúdù ọdún 2018. Ó gba ipò kejì nínú eré mítà 1,500 ní ìdíje àgbáyé ní Doha ní ọdún 2019, ó sì gba wúrà ní Tokyo ní ọdún 2021. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi kọ́ni ni pé abiyamọ lè padà, kì í ṣe pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo abiyamọ ń padà.

6.0 ÀMÌ TÍ KÒ YẸ KÍ Á FOJÚ FÒ

Àwọn àmì wọ̀nyí, yálà kí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ eré tàbí nígbà tí ó bá ń sáré, ń sọ pé iṣan kò tíì tó ẹrù náà í gbé: kí ìtọ̀, ìsó tàbí ìgbẹ́ máa jò; kí ìsàlẹ̀ abẹ́ wúwo tàbí kí ó máa fà; kí ojú ara máa dùn, ìbá à ṣe nígbà ìbálòpọ̀; kí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù máa yọ; kí ìbàdí tàbí ẹ̀yìn máa ro ni; kí àárín ikùn máa yọ gọngọ bí obìnrin bá fẹ́ dìde láti ìdùbúlẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ fi aṣọ lé e kí ó máa sáré lọ. Kò sì gbọdọ̀ gbà pé àyànmọ́ abiyamọ ni. Pé ohun kan wọ́pọ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

7.0 ÌTỌ́JÚ: FÍFÚN IṢAN LÁGBÁRA

Ohun tí Kegel ṣe àkíyèsí ní ọdún 1948 ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò tilẹ̀ mọ ibi tí iṣan yìí wà lára wọn. Ó ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń wọn bí iṣan náà ti ń fún mọ́ nǹkan tó, kí obìnrin lè máa fojú rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n láìsí ẹ̀rọ ni kí obìnrin ṣe bí ẹni tí ó ń mú ìsó mọ́ra, kí ó sì fa ìmúmọ́ra náà wá síwájú dé ojú ìtọ̀ bí ẹni tí ó ń dá ìtọ̀ dúró. Iṣan náà yóò fún, yóò sì gbé sókè sínú. Obìnrin kò gbọdọ̀ sé èémí, kò gbọdọ̀ fún ìdí tàbí itan pọ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ dídá ìtọ̀ dúró di àṣà nígbà tí ó bá ń tọ̀ ní ti gidi. Lẹ́yìn ìmúmọ́ra kọ̀ọ̀kan, kí ó tú u sílẹ̀ pátápátá. Títú sílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì bí ìfúnmọ́ra gan-an, nítorí pé àwọn obìnrin kan wà tí iṣan tiwọn kò dẹ̀ bí kò ṣe pé ó le koko jù. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́sọ́nà lórí bí wọn yóò ṣe dẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó máa fún un.

Ìlànà tí àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2019 ni pé kí ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ ṣe ìdárayá yìí lábẹ́ àmójútó fún oṣù 3 ó kéré tán, ìmúmọ́ra 8 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 3 lójúmọ́. Àkójọpọ̀ ìwádìí 31 tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2018 kó obìnrin 1,817 pọ̀. Nínú àwọn tí ìtọ̀ wọn ń jò nígbà ikọ́ tàbí eré, 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ṣe ìdárayá náà sọ pé àwọn ti bọ́. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyàtọ̀ yìí pọ̀ tó láti fòpin sí èrò pé kò sí oògùn.

8.0 ÌDÁNWÒ ÀTI ÌPELE ÌPADÀ

Ìlànà ọdún 2019 dábàá pé kí obìnrin má sáré kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé, àti pé láàrin oṣù 3 sí 6 ni kí ó máa padà, bí kò bá sí àmì kankan nínú èyí tí a kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ọjọ́. Ó gbé ìdánwò kalẹ̀ tí obìnrin gbọ́dọ̀ lè ṣe láìsí ìrora, láìsí jíjò, láìsí pé abẹ́ rẹ̀ wúwo:

(i) kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 30;
(ii) kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10;
(iii) kí ó fi ẹsẹ̀ kan lóṣòó ní ìgbà 10, kí ó sì ṣe ti èkejì;
(iv) kí ó sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú 1;
(v) kí ó fò síwájú ní ìgbà 10;
(vi) kí ó fi ẹsẹ̀ kan fò lójú kan ní ìgbà 10, kí ó sì ṣe ti èkejì;
(vii) kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ó máa ju apá àti ẹsẹ̀ kejì bí ẹni tí ó ń sáré ní ìgbà 10, kí ó sì ṣe ti èkejì.

A tún ń wo agbára ẹsẹ̀ àti ìdí, nítorí pé ẹrù tí ẹsẹ̀ kò bá gbé, ìbàdí ni yóò gbé e. Ìgbà 20 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òdiwọ̀n fún gbígbé gìgísẹ̀ sókè àti fún dídìde lórí àga.

Ẹni tí ó bá yege kò ní tìtorí rẹ̀ sáré kìlómítà 5 lọ́jọ́ kìíní. Ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 eré jẹ́jẹ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi ìrìn là á láàrin, tí yóò sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí àmì bá yọjú, kí ó padà sẹ́yìn ní ìpele kan. Kò pọn dandan kí ó jáwọ́ pátápátá. Kí ó tún rí i pé oúnjẹ òun tó fún eré àti fún ọmú, nítorí pé egungun ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó a máa yára sán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

9.0 ÀRÍWÍSÍ

Kò yẹ kí á gba ìlànà yìí bí òfin. Àwọn tí ó kọ ọ́ fúnra wọn jẹ́wọ́ pé ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kò pọ̀, àti pé ìmọ̀ àwọn olùtọ́jú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lé. Ọ̀sẹ̀ 12 lè di ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn, bí a bá kà á bí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí fúnra rẹ̀. Ewu kejì ni pé kí ìbẹ̀rù mú obìnrin jókòó gẹlẹtẹ. Ìmọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé ní ọdún 2020 ni pé kí abiyamọ tí kò ní ìdíwọ́ ìlera máa ṣe ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àti pé ìdárayá iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí ṣeé ṣe lójoojúmọ́. Dídúró kí á tó sáré kò túmọ̀ sí dídúró kí á tó rìn.

Ní ti ilẹ̀ Nàìjíríà, kì í ṣe ibi gbogbo ni olùtọ́jú tí ó mọ iṣẹ́ yìí wà. Síbẹ̀, àwọn Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ń kọ́ni ní fisiotẹ́rápì, àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni sì ní ẹ̀ka rẹ̀. Ìdánwò tí a kà lókè yìí kò béèrè ẹ̀rọ kankan ju ilẹ̀ títẹ́jú àti àga kan lọ. Ohun tí ó kù ni pé kí agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì béèrè. Bí wọ́n bá lè bi abiyamọ léèrè ní gbangba pé, "Ǹjẹ́ ìtọ̀ ń jò bí ẹ bá wúkọ́, tàbí bí ẹ bá fò?", ọ̀pọ̀ yóò dáhùn ohun tí wọn kò ní fẹnu ara wọn dá sílẹ̀ láé.

10.0 ÌKÁDÌÍ

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ọ̀sẹ̀ 6 ń wọn ìwòsàn ilé ọmọ àti ọgbẹ́, kò sì wọn agbára iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé ìtọ̀ jíjò kì í ṣe òpin eré fún obìnrin, nítorí pé iṣan tí ó dẹ̀ ṣeé fún lágbára. Láàrin àwọn tí ń sọ pé kí abiyamọ sáré lọ àti àwọn tí ń sọ pé kí ó má sáré mọ́, ọ̀nà kan wà: kí á mọ iṣan náà, kí á fún un lágbára, kí á dán an wò, kí á sì máa fi ẹrù kún ẹrù níwọ̀n bí ó bá ti lè gbé e. Ìbéèrè tí ó kù fún ìwádìí ni bí ọ̀nà yìí yóò ṣe rí fún obìnrin tí ó ti ń ru omi láti ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè ohun kan.